Kọ̀ǹpútà Tí Mo Ń Fipá Mú Sinmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Kọ̀ǹpútà yẹn ò lọ́ra. Èmi ni mo ń dá a dúró.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀. Tí mo bá ti mú bírò, màá kọ nípa ooru, màá kọ nípa iye tí wọ́n ń ta yìnyín, màá sì pa ìwé dé. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ báyìí. Àjà ò jìn lé mi lórí.

Èyí tó kù ló burú jù. Ẹnjiníà, ọ̀gá mi, bi mí lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ló dé tí ìṣirò omi, èyí tó ń sọ bóyá odò máa kún, kì í jáde mọ́ kí àwọn oní-rédíò tó ṣe ìkéde ìrọ̀lẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Nọ́ńbà Ojú-Omi ló máa ń pẹ́ kó tó dé, mà." Ojú-Omi! Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pẹ́ rí. Òun ló ń dá gbé lókè odò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ka òpó tí wọ́n fi nọ́ńbà kùn láàárín omi, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, òjò ì báà máa rọ̀. Á pè mí lórí fóònù, á ní, "Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, omi ní kí n kí yín o," kó tó dárúkọ nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo sì fi í ṣe ewé tí mo fi bo ara mi.

Kí n kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́. Éésì yàrá kọ̀ǹpútà kú nígbà tí ooru le jù. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ti gbóná dé ibì kan, á pa ara rẹ̀ láàárín ìṣirò, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì ṣòfò. Ọkùnrin tó máa ń bá wa tún un ṣe sọ fún mi lórí fóònù pé kí n máa fipá mú un sinmi. Bí iṣẹ́ tilẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, kó ṣe díẹ̀, kó dáwọ́ dúró díẹ̀, kó tún ṣe díẹ̀, kíákíá kíákíá, débi pé ojú ò ní rí i. Bí ẹni tó ń ro oko tí wọ́n ní dandan ni kó máa na ẹ̀yìn lẹ́yìn ebè kọ̀ọ̀kan. Oko á pẹ́ kó tó tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ro ó ò ní dákú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá méje iṣẹ́, ìdá mẹ́ta ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́. Ẹnjiníà yìn mí, ó ní kí ni mo ṣe sí i. Mo ní mo gbọn eruku inú rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ẹnjiníà kàwé débi tí ìwé ń parí sí. Ṣé èmi ni kí n lọ sọ fún un pé mo ti tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n tẹ̀? Tí wọ́n bá ní mo ti ba á jẹ́ ńkọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ooru. Ìkùukùu dúdú jókòó sórí àwọn òkè lọ́hùn-ún bí ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò kan ò bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti ilé rẹ̀ létí odò. "Omi-ń-bọ̀! Ṣé omi ń bọ̀ lónìí?"

Orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti èṣí, nígbà tí mo mú un kó ẹrù jáde lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé àyà mi ń já, tí omi ò sì wá. Mo gbọ́ tí Bàbá Aláwọ̀n, aládùúgbò rẹ̀ tó ń hun àwọ̀n ẹja, ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ ní kó fi omi náà ránṣẹ́ o jàre! Ẹ̀fọ́ mi ń gbẹ!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé bàbá náà.

Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi rọ ohùn. "Ṣé o gbọ́, àbúrò? Mo ti dàgbà ju kí n máa ru bẹ́ẹ̀dì sórí kiri nítorí àlá tí o lá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá sọ pé omi ń bọ̀, mi ò ní bá ọ jiyàn. Màá jáde."

Mo ní ó dáa, àǹtí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ẹnjiníà pe Ojú-Omi níwájú mi, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí n lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yín ń pẹ́ jù. Àwọn èèyàn ń gbé ìsàlẹ̀ odò. Ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ẹ má bínú, mà. Màá tún un ṣe."

Kò jiyàn. Ká ní ó jiyàn ni, ká ní ó ní "ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà yín," bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tó yá, ó pè mí fúnra rẹ̀. "Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, ṣé lóòótọ́ ni mo máa ń pẹ́?"

Mo ní, "Wọn ò mọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí lọ́dọ̀ yín ni."

Irú èsì wo nìyẹn? Mo tutọ́ sílẹ̀ fún ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo yọ ìsinmi kúrò. Mo ní kí n kúkú tún nǹkan ṣe fúnra mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo yá fáànù méjì ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, mo ra yìnyín, mo kó o sínú bàsíà, mo gbé e síwájú fáànù. Yìnyín ti di ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lóṣù tó kọjá. Ìyàwó mi ní, "Èmi tí mò ń ránṣọ, òógùn ń kán sórí aṣọ oníbàárà. Kọ̀ǹpútà ń jẹ atẹ́gùn. Ó dáa náà."

Ìṣirò ń sáré bí ẹṣin. Inú mi dùn títí di ìgbà tí oòrùn kanrí. Yìnyín yọ́. Kọ̀ǹpútà kú. Mo tan án, ó tún kú. Ìṣirò àná ni wọ́n kà lórí rédíò fún àwọn èèyàn, wọ́n pè é ní tòní.

Ẹ̀yin ará, tó bá sáré, á kú. Tó bá sinmi, á pẹ́. Ìkan nínú méjèèjì ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo dá ìsinmi padà. Àwọn oní-éésì ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la wọn kì í mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun rere kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Nọ́ńbà Ojú-Omi dé kí n tó fi omi bọ́jú. Ìṣirò bẹ̀rẹ̀ ní kùtù hàì, ó ń sinmi, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì parí kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀. Kò kú, kò pẹ́. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ẹ rí i? Ìbáwí máa ń wúlò."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Kí n kọ èyí tó ń yọ mí lẹ́nu sílẹ̀. Nígbà tó ń pè mí, mo gbọ́ àkùkọ nínú fóònù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn pé aago mélòó lẹ ka nọ́ńbà yìí. Ó gbà pé agogo mẹ́wàá ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo fẹ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́ agogo mẹ́wàá láti ilẹ̀. Ta ni mo máa bi? Bí mo bá bi Ẹnjiníà, á bi mí pé kí ló dé tí mò ń béèrè.

Àwọn tó fi agogo mẹ́wàá lélẹ̀ á ti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Tàbí ó kàn rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni. Mo fẹ́ gbà pé ó kàn rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ láàárọ̀, mo dín ìsinmi kù sí ìdá méjì. Nígbà tó di ọ̀sán, mo dá a padà sí mẹ́ta. Mo ti mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ibà ọmọ: màá kàn gbé ọwọ́ lé ara rẹ̀.

Ìyàwó mi ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ń sinmi, ìwọ ń rìn kiri yàrá bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Kí ló ń jẹ ọ́, Bàbá wọn?"

"Ooru ni."

"Ooru kì í jẹ́ kéèyàn máa pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú oorun."

Mo bínú, mo jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ibi tí mo jókòó sí tí kò gún mi nídìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún, ọ̀sán

Mànàmáná ń kọ lórí òkè láti àná ìrọ̀lẹ́, kò dáwọ́ dúró. Ojú-Omi pè ní ìdájí. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Mo ní kó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìṣirò ti jáde báyìí. Omi ò ní kọjá etí odò. Ẹnjiníà ti buwọ́ lù ú.

Ẹ̀gbọ́n mi pè. "Àwa ń gbọ́ àrá láti òkè. Kí ni ẹ̀rọ sọ?"

"Ó ní kò séwu."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?"

Mo rántí bẹ́ẹ̀dì tó rù lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí Omi-ń-bọ̀, àti bí Bàbá Aláwọ̀n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí mi, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni kí ẹ gbà. Èmi kọ́ ni kọ̀ǹpútà."

Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ dáná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Omi dé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mi ò lè kọ̀wé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn.

Orí iná ni ìkòkò rẹ̀ wà nígbà tó rí i pé ilẹ̀ ilé ìdáná ti ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Kó tó yíjú, omi ti dé orúnkún. Ó gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́, òun àti àwọn aládùúgbò. Bàbá Aláwọ̀n wà pẹ̀lú wọn. Ó ní òun fẹ́ padà lọ mú àwọ̀n tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán. Ẹ̀gbọ́n mi di aṣọ rẹ̀ mú. Bàbá náà ní, "Ṣé rédíò ò ní kò séwu ni? Kò lè jù báyìí lọ." Ó já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Àná ni wọ́n rí i.

Ẹnjiníà pe Ojú-Omi lọ́jọ́ tí omi dé gan-an. Ìgbà náà ni gbogbo wa mọ̀. Òjò tó bá rọ̀ lórí òkè ní ìrọ̀lẹ́, omi rẹ̀ kì í dé ìdí òpó títí oòrùn á fi gòkè dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá kà á ní ìdájí, omi àná ló kà. Ìdí agogo mẹ́wàá nìyẹn. Kò kàn rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Kọ̀ǹpútà ò ṣe àṣìṣe. Ohun tí a fún un ló lọ̀ fún wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa, èmi àti ìyàwó mi wà nílẹ̀. Aṣọ tí ìyàwó mi rán fún un ló wọ̀, nítorí kò mú nǹkan kan jáde. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá la ẹnu, Ojú-Omi ló ń bú.

"Ọ̀lẹ! Kí iṣẹ́ lè tètè tán lọ́rùn rẹ̀ ló ṣe kà á ní ìdájí. Kó lè padà lọ sùn. Ọlọ́run á bi í. Ọmọ èèyàn wà nínú omi, òun wà lábẹ́ aṣọ ìbora."

Mo ń gbọ́ ọ. Mo ń fi ṣíbí ro tíì tí ṣúgà rẹ̀ ti yọ́ tipẹ́.

Wọ́n ní àwọn kan ju ẹrẹ̀ lu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọ̀sán ó pè mí. Kò kí mi.

"Ọ̀gá, èmi ni mo pa bàbá yẹn."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni. Mo rò pé tí mo bá tètè kà á, wọn ò ní máa bá ẹ̀yin náà wí nítorí tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ̀sùn kan èèyàn. Mi ò ronú kan omi rárá, ìwọ̀sí yẹn ni mò ń rò."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ̀sùn kan èèyàn. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló gé e tàbí èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àwọn oní-éésì wá lónìí. Bí wọ́n ṣe lọ ni yàrá náà tutù, bí inú kànga. Mo yọ ìsinmi kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ìdí rẹ̀ mọ́. Ìṣirò parí kí n tó jẹun ọ̀sán. Mo jókòó tì í, mo ń wo àbájáde rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ẹnjiníà. Mi ò jókòó nígbà tó ní kí n jókòó. Mo sọ ọ́ tán porogodo: ìsinmi, eruku tí mi ò gbọ̀n, irọ́ tí mo pa mọ́ Ojú-Omi.

Kò pariwo.

"Ìsinmi yẹn, ìdá mélòó?"

"Mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mà."

"Ó dára. Ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá pe àwọn oní-rédíò, ǹ bá ní kí wọ́n sún ìkéde síwájú. Ìpè kan ni. Wọn ì bá gbà."

Mo ní kó dákun, kó lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí n lé yín, ta ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́la? Òjò ò tíì tán." Ó wo ojú fèrèsé. "Èmi ni mo pe Ojú-Omi. Èmi ni mo bá a wí, mi ò sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Màá kọ tèmi náà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ṣé ó ti mọ̀?"

"Rárá, mà."

"Ẹnu mi kọ́ ló ti máa gbọ́ ọ."

Mo rò pé tí mo bá ti sọ ọ́, á fúyẹ́. Irọ́ ni. Ó kàn kúrò ní àyà, ó bọ́ sí èjìká ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ojú-Omi ṣì ń ka òpó. Kò sí ẹlòmíì lókè yẹn. Ó ń kà á ní agogo mẹ́wàá, ó tún ń kà á ní ọ̀sán, ó tún ń kà á ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nọ́ńbà nìkan ló ń sọ. Omi ò kí mi mọ́.

Lónìí, a sin Bàbá Aláwọ̀n. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó jókòó, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ rí ọkùnrin yẹn."

Ìyàwó mi ní, "Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó ń ka omi. Mi ò fẹ́ bá a jà. Mo kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀, kí n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Èèyàn kì í dédé ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ní láti lé e."

Ìyàwó mi ò wò ó. Èmi ló wò. Ó ti mọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Ó ń ká aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ká a tán, ó tú u, ó tún ń ká a.

Mo ní, "Àǹtí mi, màá mú yín lọ."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè fi kọ̀ǹpútà rẹ sílẹ̀?"

"Ó ti ń sáré fúnra rẹ̀ báyìí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó fi ọwọ́ kan orí mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo kéré, ó ní, "Omi-ń-bọ̀." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí, nítorí mi ò mọ orúkọ tó máa fi pè mí lẹ́yìn ọ̀la.

Mo ti gbàyè lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Lọ́la, ní àárọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á wọ mọ́tò lọ sókè odò. A ó dúró létí bèbè títí Ojú-Omi á fi sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òpó ní agogo mẹ́wàá, màá jẹ́ kó ka omi tán, kó sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi lójúkojú. Lẹ́yìn náà, kí òun tàbí ẹ̀gbọ́n mi tó la ẹnu, màá sọ fún un lójú ẹ̀gbọ́n mi pé kò pẹ́ rí.